Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Dá Yàrá Tún Ṣe ní Hòtẹ́ẹ̀lì

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú ńlá kan tí a fi ṣe ibùgbé ní Òkè Ọya, ìbáà ṣe Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Àbújá, tí a kò ní rí ọmọ Yorùbá tí ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ tí ó níyì ni. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀ tí àwa òbí àti alágbàtọ́ kì í sábà béèrè. Akọ̀wé wà láàárín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, oníṣòwò wà lójú ọjà. Ọmọbìnrin yìí ni ó ń dá wọ yàrá àjèjì, tí ilẹ̀kùn sì ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ìlú Ṣikágò ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 500 obìnrin lẹ́nu wò. Nínú 100 àwọn tí ń tún yàrá ṣe, 49 ni ó sọ pé àlejò ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn ní ìhòòhò tàbí tú ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn rí. Ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin ní ọdún 2017. Láti oṣù Keje 2018, dandan ni kí hòtẹ́ẹ̀lì fún ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá ní bọ́tìnnì kékeré tí yóò fi pe ìrànlọ́wọ́ wá síbi tí ó wà gan-an. Òfin náà tún ní kí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó jáde, kí a má sì jẹ ẹ́ níyà.

Lójú tèmi, apá kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Bọ́tìnnì kò wúlò fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn máníjà fi sẹ́nu, pé oníbàárà ni ọba. Ọmọbìnrin náà a wo owó tí àlejò san, a wo owó oṣù tirẹ̀, a sì dákẹ́.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní ọdún 2022. Àdéhùn náà ní kí ìjọba rí i pé òṣìṣẹ́ lè kúrò níbi ewu ìwà ipá láìjìyà.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí kò lówó bọ́tìnnì kò ní àwáwí. Ó lè jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì. Ó lè ní kí wọ́n dúró kí àlejò jáde kí wọ́n tó wọlé. Ó lè máa kọ àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ yàrá sílẹ̀, kí a lè wá ẹni tí ó bá pẹ́. Àwọn kan ní kí ó fi kẹ̀kẹ́ ìkó-aṣọ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Mo ṣiyèméjì: bí àlejò bá ti wà nínú yàrá tẹ́lẹ̀, ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀ ni ó dí yẹn.

Fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè tún wà ńbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ Hausa lè kígbe kí ọlọ́dẹ má mọ ohun tí ó ń wí. Kí wọ́n fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn mọ̀. Kí ọmọ tó gba iṣẹ́, kí ẹ̀gbọ́n tàbí alágbàtọ́ bá a lọ bi máníjà léèrè: bí àlejò bá fọwọ́ kàn án, ta ni yóò sáré wá, ṣé a ó sì gé owó rẹ̀ bí ó bá fi yàrá náà sílẹ̀ láìtún un ṣe?