Bí Àwọn Sójà Tó Bọ̀ Láti Làìbéríà Ṣe Di Ẹni À Ń Ṣọ́ fún Ọjọ́ 21

Ọjọ́ Àìkú kan ni, ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Ọ̀gágun Darryl Williams, olórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ Áfíríkà, padà sí Vicenza ní àríwá Ítálì, níbi tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òun àti àwọn sójà 10 mìíràn ni wọ́n jọ ń bọ̀ láti Làìbéríà. Bí sójà bá ti òkè òkun dé, a mọ bó ṣe máa ń rí: ìyàwó á ti dúró, ọmọ á ti máa sáré bọ̀. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá Ítálì tó wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló pàdé wọn. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná nínú wọn, kò sì sí ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó fara kan aláìsàn Ebola. Síbẹ̀, ilé kan tó dá dúró nínú bárékè ni wọ́n kó wọn sí, tí wọ́n ń yẹ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bóyá ó ń gbóná, fún ọjọ́ 21 gbáko. Ọ̀gágun náà kò fọwọ́ kan ará ilé rẹ̀.

Ìwà ìkà kọ́ lèyí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ pàṣẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó ti ṣẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Ebola ti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Meliandou ní ilẹ̀ Gíní, láti ara ọmọ kékeré kan. Títí wọ́n fi mọ ohun tó jẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ó ti ń rìn. Ó wọ Làìbéríà, ó wọ Sàró. Ní oṣù Keje, ó wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Èkó nínú ara Patrick Sawyer, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà bọ̀. Àwa tí a wà nílé nígbà náà kò lè gbàgbé. Ìlú tí a kì í kí ara ẹni láìbọwọ́ di ìlú tí ọ̀rẹ́ ń fi ìgbọ̀nwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́. Láàárín òru ọjọ́ kan ṣoṣo, fóònù ń dún láti ilé dé ilé pé kí gbogbo èèyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mìíràn sì mu ún. Orógbó wọ́n gógó lọ́jà. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí Sawyer jáde ní ọsibítù, dókítà náà fúnra rẹ̀ sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀gágun Williams dé Vicenza. Mo mẹ́nu kan tiwa nítorí pé ẹni tó bá rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ní Èkó kò ní fi ojú ọ̀dájú wo ìyàwó sójà tí ẹ̀rù ń bà nílé.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ni Ààrẹ Barack Obama kéde ní Atlanta pé Amẹ́ríkà yóò rán ọmọ ogun tó tó 3,000 lọ. Ìtọ́jú aláìsàn kọ́ ni wọ́n bá lọ. Wọ́n lọ kọ́ ilé ìtọ́jú, wọ́n lọ gbé ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí a ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò àti, èyí tó ṣòro jù, bí a ṣe ń bọ́ ọ láìfọwọ́ kan ìta rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ọsibítù oníbẹ́ẹ̀dì 25 kan fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó bá kó àrùn náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Omi kúlórínì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo.

Ẹ̀fọn ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí pé òun ni àwọn oníròyìn fò dá, bẹ́ẹ̀ òun ló sún mọ́ sójà jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí ogun abẹ́lé Làìbéríà ń parí lọ, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ló kọ́kọ́ wọ Monrovia lórúkọ ECOWAS. Amẹ́ríkà rán àwọn sójà orí omi tí wọ́n ń pè ní Marine láti tì wọ́n lẹ́yìn, àwọn bí igba ó lé díẹ̀ sì gbé orí ilẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ibà fi gbé nǹkan bí 80 nínú wọn dè. Ó ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́ta! Wọ́n gbé àwọn kan lọ sí ọsibítù ní Jámánì, àwọn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà. Oògùn tó ń dènà ibà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló tú wọn fó: ọ̀pọ̀ kò lò ó bó ṣe yẹ. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò sí níbi tí wọ́n ń sùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fi oògùn ẹ̀fọn pa ara.

Ní ọdún 2014, irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ ìbá da gbogbo nǹkan rú. Ibà àti Ebola jọ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà kan náà: ara gbígbóná, orí fífọ́, kí ara máa ro èèyàn, kí èébì tẹ̀ lé e. Bí sójà kan bá ti Monrovia dé, tí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ kẹjọ, ta ni yóò sọ pé ẹ̀fọn ni? Ìdí nìyí tí oògùn ibà kò fi ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ náà. Kò sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ òfurufú, torí pé kòkòrò ibà lè ṣì sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹni tó ti dé ilé gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí oògùn náà bá ṣe rí.

Ọjọ́ 21 ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti rí Ebola lákọ̀ọ́kọ́ ní ọdún 1976, ní Yambuku nílẹ̀ Kóńgò àti ní gúúsù Sudan, ni wọ́n ti mọ̀ pé ó lè lúgọ sínú ara fún ọjọ́ 2 sí 21 kí ó tó fara hàn. Ṣùgbọ́n ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹni tí àìsàn kò tíì hàn lára rẹ̀ kì í kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, ìlànà tí ilé iṣẹ́ ìdènà àrùn ti Amẹ́ríkà gbé jáde kò ní kí a sé irú àwọn sójà wọ̀nyí mọ́. Kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò nílé ti tó.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gágun Ray Odierno, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo sójà rẹ̀ tó bá ń bọ̀ lo ọjọ́ 21 níbi ìyàsọ́tọ̀. Àwọn olórí ogun yòókù gbà pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 29, Chuck Hagel, akọ̀wé ètò ààbò, fọwọ́ sí i fún gbogbo ọmọ ogun pátá. Ó sọ ìdí rẹ̀ láìfi pamọ́: àwọn ẹbí sójà àti àwọn tó ń gbé ládùúgbò bárékè ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló bí òfin yìí, èmi kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ṣé ìbẹ̀rù kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí olórí gbọ́ ni? Ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà dé ti kú ní Dallas, nọ́ọ̀sì méjì tó tọ́jú rẹ̀ ti kó o. Ní ọjọ́ 23, wọ́n rí i lára dókítà kan ní New York.

Ohun tí inú mi kò dùn sí ni bí wọ́n ṣe ṣe nọ́ọ̀sì kan tó lọ tọ́jú aláìsàn ní Sàró, tó sì balẹ̀ sí New Jersey ní ọjọ́ 24. Inú àgọ́ ni wọ́n tì í mọ́ nínú ọgbà ọsibítù kan, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò ní Ebola. Nígbà tó dé ìpínlẹ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́ kọ̀ láti sé e mọ́lé. Obama náà ya ọ̀rọ̀ sójà sọ́tọ̀: ẹni tó finú fíndọ̀ lọ ṣàánú kò bá sójà dọ́gba. Lóòótọ́ ni. Ẹni tó bá ti wọṣọ ìjọba ti gbà pé wọ́n lè ní kó sùn níbi tí kò fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ alágbádá tó bá wọn lọ ní ẹ̀tọ́ láti yan ìyẹ̀wò nílé dípò ìyàsọ́tọ̀; sójà kò ní.

Ó ṣeni ní kàyéfì pé Vicenza ni ìyàsọ́tọ̀ àwọn sójà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò jìnnà sí Venice, ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọba lé e lórí nígbà kan rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Ní ọdún 1423, Venice ya erékùṣù kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn mú. Láti inú ogójì ọjọ́ tí wọ́n ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró, èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní quaranta, ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ìyàsọ́tọ̀ lónìí ti jáde. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n. Bí Olóde, ìyẹn àrùn ṣọ̀pọ̀nná, bá wọ ìlú nígbà ayé wọn, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an, àwọn àwòrò ló sì ń sin òkú rẹ̀, kì í ṣe ẹbí. Ní Làìbéríà, ọwọ́ tí ẹbí fi ń wẹ òkú ni Ebola gbà wọ ọ̀pọ̀ ilé.

Wọ́n ṣí ibi ìyàsọ́tọ̀ márùn-ún ní Amẹ́ríkà, lára wọn Fort Bliss, Fort Hood àti Fort Bragg, wọ́n sì ṣí òmíràn sí Baumholder ní Jámánì. Ohun tí mo fara mọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀gá ló kọ́kọ́ wọlé. Bí wọ́n bá ti àwọn sójà kéékèèké nìkan mọ́, tí ọ̀gágun lọ sùn sílé, òfin náà ìbá ti di yẹ̀yẹ́. Owó oṣù kò dúró, dókítà wà nítòsí, oúnjẹ ń wọlé. Títí iṣẹ́ náà fi parí ní ọdún 2015, kò sí sójà Amẹ́ríkà kankan tó kó Ebola. Ènìyàn tó lé ní 11,000 ló bá àjàkálẹ̀ àrùn náà lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

Sójà tiwa kan kó o. Nínú ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Làìbéríà ló wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Utrecht ní Nẹ́dálándì, kí ọdún náà sì tó parí, ara rẹ̀ ti yá, ó ti jáde ní ọsibítù.