Bí Ilé Ẹṣin Inú Oko Ṣe Di Ohun Ìtàn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ẹni tí ó fẹ́ sọ ilé ẹṣin àtijọ́ inú oko di ilé tí ènìyàn yóò máa gbé lè gba ìwé àṣẹ tán lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ìwé náà sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọ bíríkì kan kúrò títí awalẹ̀pìtàn yóò fi wọn ilé náà tinú tòde, tí yóò ya àwòrán rẹ̀, tí yóò sì kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀. Àṣẹ yìí kò ṣàdédé wáyé. Okùn kì í gùn títí kí ó má ní ibi tí a ti fà á wá.

Ní 1908 ni ọba ilẹ̀ náà yan ìgbìmọ̀ kan láti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ilé àtayébáyé, ṣùgbọ́n ọdún 1700 ni wọ́n fi pààlà iṣẹ́ fún wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin àwọn ìjòyè rí ojú rere ìgbìmọ̀ náà. Ilé ẹṣin, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ààlà yẹn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹṣin ni agbára oko nígbà náà: òun ni ó ń túlẹ̀, òun ni ó ń fa ìkórè relé. Nítorí náà ni àgbẹ̀ fi ń kọ́ ilé ẹṣin dáradára ju ti màlúù lọ, tí ó sì sábà máa ń kọ́ ọ sí ìtòsí ibùgbé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀kan lọ. Àjà rẹ̀ ga kí atẹ́gùn lè fẹ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pín sí méjì, ti òkè ṣeé ṣí sílẹ̀ kí ti ìsàlẹ̀ wà ní títì. Gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ la ilẹ̀ olókùúta já. Ibùjẹ wà lẹ́bàá ògiri, ihò sì wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ń ti koríko gbígbẹ gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Lára òpó, ẹ ó rí àpá iná àbẹ́là tí ó rí bí ẹ̀kán omi, àti òbìrí tí a fi irin fín bí òdòdó ewé mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ààbò lọ́wọ́ ibi. Ní tèmi, kò sí ohun tí ó níye lórí nínú ilé náà ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí ọwọ́ àwọn tí kò kọ ìwé kankan ni ó fín wọn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni katakata lé ẹṣin kúrò lóko. Láti 1946 ni wọ́n ti ń ṣe katakata kékeré Ferguson ní Coventry, kò sì pẹ́ tí ibùjẹ fi ṣófo káàkiri. George Ewart Evans, òǹkọ̀wé tí ó ń gbé ní Suffolk, rí i pé àwọn àgbà olùtọ́jú ẹṣin ń kọjá lọ, ó sì jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì tẹ ìwé The Horse in the Furrow jáde ní 1960. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Ta ni yóò wá sanwó àkọsílẹ̀ ilé? Ìlànà ìjọba ti 1990 lórí ohun abẹ́ ilẹ̀, àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní 1994 lórí àwọn ilé àtijọ́, ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọrùn ẹni tí ó fẹ́ yí ilé padà ni ó wà. Ìyẹn tọ́: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó sọ ilé ẹṣin di ibùgbé. Ilé tí kò ní olùgbé kì í pẹ́ wó. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé láti 2014, òfin ti gba ọ̀pọ̀ ilé oko láyè láti di ibùgbé láìsí ìwé àṣẹ kíkún, bí kò bá ti sí lára àwọn ilé àjogúnbá tí ìjọba tò sínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ni irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pàṣẹ fún yín, ẹ ya àwòrán òpó àti ibùjẹ kí àwọn bíríkìlà tó dé. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ṣe wà ní York lọ́dọ̀ Archaeology Data Service, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.