Aṣọ ìbomú kò tó fún èéfín igbó tó ń jó

Àsìkò ọyẹ́ ni iná máa ń jó igbó káàkiri, láti ìpínlẹ̀ Niger àti Benue títí dé àríwá Gánà. Bí ọkọ, ìyá tàbí àbúrò yín bá ń dáko, tó ń da màlúù tàbí tó ń gun ọ̀kadà nínú èéfín yìí, aṣọ tó fi bo imú kò lè dáàbò bò ó, ìbáà fi omi rin ín.

Èérún tó léwu jù nínú èéfín náà kò tó 2.5 máíkírómítà, fọ́nrán irun orí kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Ó ń gba inú aṣọ kọjá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ìbòmú N95 ni kí ẹ rà fún un. Kó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Bó bá ní ásímà, kó mú oògùn tó ń fà símú dání. Bó bá délé, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ.

Bí mímí bá nira fún un, tí àyà ń dùn ún tàbí tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ má fi àgbo dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.