Òótọ́ àbí irọ́: Ṣé bí fíìmù bá ti tán, orin inú rẹ̀ náà ti kú?

Ní Alakahia, lẹ́bàá títì East-West ní Port Harcourt, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà, ó ṣòro kí èèyàn rí ọ̀dọ́ tí kò ki íápíìsì bọ etí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí Choba, nọ́ọ̀sì ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, oníkéké ń dúró de èrò, kálukú pẹ̀lú orin tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá dárúkọ Burna Boy, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí. Ọmọ ìlú wọn ni. Ẹni tó bá ní fújì ni tàbí orin ìyìn, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dáhùn pé orin inú fíìmù lòun ń gbọ́, orin tí wọ́n fi ń ti ìran lẹ́yìn, tí kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. "Níbo ni fíìmù ọ̀hún wà? Ṣé etí lo fi ń wò ó ni?"

Ìgbàgbọ́ kan tó ti wọ̀ wá lára ló wà nídìí ẹ̀rín yẹn: pé ọmọ-ọ̀dọ̀ fíìmù ni orin inú rẹ̀, bí ọ̀gá bá sì ti jáde, kò sí ohun tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ń dúró ṣe mọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní àṣà òyìnbó ni, pé fáàrí ni ẹni tó ń gbọ́ ọ ń ṣe. Èmi ò gbà. Àmọ́ kí ẹ má tìtorí pé èmi ni mo sọ ọ́ gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká kó ẹ̀rí sílẹ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀dọ̀ ara wa ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bínú, wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, òfin yẹn kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba. Mélòó nínú wa ló wo eré yẹn? Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò tíì dáyé nígbà náà. Síbẹ̀, orin rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu wa. Àwo ló kọ́kọ́ gbé e, rédíò tẹ̀ lé e, lónìí fóònù ló kù tó ń gbé e kiri. Ìjọba lágbára láti lé òṣèré kúrò lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n apá wọn ò ká ohun tó ti wọ etí aráàlú. Ògúndé fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Láti 1944 tó ti kọ́kọ́ ṣeré fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó, orin ló fi ń sọ ìtàn. Nígbà tó di oní-sinimá, tó gbé Aiyé jáde ní 1979 àti Jáiyésinmi ní 1980, orin náà ló tún kó wọnú wọn.

Ẹni tó bá ní orí ìtàgé lèyí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú fíìmù, kó rántí Cock Crow at Dawn tí NTA ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n láwọn ọdún 1980. Bongos Ikwue ló kọ orin tí wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ mú ẹnì kan tó ti gbọ́n nígbà yẹn, kí ẹ ní kó ròyìn eré náà fún yín. Ó lè máà rántí ju pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi súfèé bẹ̀rẹ̀ orin náà, á bá yín gbè é dópin. Bákan náà ló rí pẹ̀lú fíìmù The Master tí Nkem Owoh kópa nínú rẹ̀ ní 2005: orin dọ́là tó kọ nínú rẹ̀ dé ibi tí fíìmù náà kò dé rárá. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní sì ti lọ hú orin tí Stanley Okorie kọ sínú àwọn fíìmù Nollywood àtijọ́ jáde, wọ́n ń jó o lórí TikTok, ọ̀pọ̀ wọn ò sì lè dárúkọ fíìmù tó ti wá. Ṣé orin tó kú nìyẹn?

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi wá láti Kánò. Láti àwọn ọdún 1950 ni fíìmù Íńdíà ti ń wọ ilé sinimá ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wò ó kò gbọ́ Híńdì. Síbẹ̀ orin rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára débi pé àwọn ẹlẹ́sìn tó ń lu bàńdìrì mú ohùn orin náà bó ṣe wà, wọ́n kó ọ̀rọ̀ Híńdì kúrò, wọ́n fi ìyìn Ànábì sí i ní èdè Haúsá. Brian Larkin, onímọ̀ kan tó ń kọ́ni ní New York, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wò ó dáadáa. Àwòrán ti lọ, òṣèré ti lọ, èdè ti lọ, kódà ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tí orin náà dá lé lórí ti lọ. Ohùn orin nìkan ló kù, òun ló sì ń mú àgbà ọkùnrin mi orí níbi tí wọ́n ti ń ṣe Máólúùdù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé fáàrí ni wọ́n ń ṣe.

Alakahia náà ní ẹ̀rí tirẹ̀ nítòsí, a ò kàn kà á sí ni. Ní yunifásítì tó wà ní Choba lọ́hùn-ún ni Ọlá Rótìmí ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ijaw. Ibẹ̀ ló ti gbé eré Hopes of the Living Dead jáde ní 1985. Ìtàn Ikoli Harcourt Whyte ló sọ. Ọmọ Abonnema ni Harcourt Whyte, ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àrùn ẹ̀tẹ̀ mú un nígbà tó wà ní màjèṣín, àwọn èèyàn rẹ̀ sì yàgò fún un. Ọsibítù Port Harcourt ló wà pẹ̀lú àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Uzuakoli ní 1932. Láàárín ìyà yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin ẹlẹ́gbẹ́-akọrin, ó sì kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní èdè Igbo kó tó kú ní 1977. Orin tí aláìsàn kọ láti fi tu ara rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó di ti ṣọ́ọ̀ṣì jákèjádò ilẹ̀ Igbo. Ọlá Rótìmí mú un látibẹ̀, ó gbé e sórí ìtàgé. Kò síbi tí orin yẹn dé tí wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá. Kí ló wá dé tó jẹ́ orin inú fíìmù nìkan la fẹ́ dè mọ́lẹ̀?

Mo mọ ohun tí oníyèméjì tòótọ́ máa sọ. Á ní orin tó lọ́rọ̀ nínú ni gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, pé orin tí kò lọ́rọ̀, tí ń dún lábẹ́ ìran, yàtọ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àmọ́ Yorùbá ló yẹ kó bèèrè rẹ̀ kẹ́yìn, torí àwa la ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Nínú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ìlù ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá lù ú tí adé wà lórí ọba tí kò ṣe ètùtù ìlú, ọba náà yóò kú. Nígbà tí ìlù yẹn dún, kò sẹ́ni tó nílò òṣèré láti wá túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Hollywood náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí Ludwig Göransson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣe orin Black Panther tó jáde ní 2018, kò jókòó sí Los Angeles kó máa méfò. Ó wá sí Senegal, ó tẹ̀ lé olórin Baaba Maal káàkiri níbi tó ti ń ṣeré, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Massamba Diop tó ń lu tama. Ìlù abíyá ni tama, ẹbí gángan tiwa: wọ́n há a sí abẹ́ apá, wọ́n ń fún ọ̀sán rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Göransson ní kí Diop fi ìlù náà pe T'Challa, orúkọ ọba inú fíìmù náà. Ìpè yẹn ló wá di orin ọba, tó ń dún bó bá ti yọ. Orin náà gba ẹ̀bùn Oscar ní 2019. Ẹ di ojú yín kí ẹ gbọ́ ọ. Etí ẹni tó bá dàgbà sí ìdí ìlù yóò gbọ́ pé wọ́n ń pe ẹnì kan, ìbáà má tíì rí fíìmù náà rí.

Ẹ̀rí méjì ṣì kù, àwọn tó fi hàn pé orin yìí lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Fún ibi tí wọ́n ti gún obìnrin kan lọ́bẹ nínú balùwẹ̀ nínú Psycho, fíìmù ọdún 1960, Alfred Hitchcock ní òun kò fẹ́ orin kankan. Bernard Herrmann kọ ọ́ síbẹ̀, gòjé òyìnbó àti àwọn ẹbí rẹ̀ olókùn nìkan ló fi ṣe é, kò lo fèrè, kò lo ìlù. Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí ọkàn rẹ̀ padà. Ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ náà yí ọkàn padà, kò sì tì í lójú. Ní 1988 sì ni Sandra Marshall àti Annabel Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi àwòrán kékeré kan han àwọn èèyàn: àmì onígun mẹ́ta méjì àti róbótó kan tí wọ́n ń rìn kiri. Ìyẹn nìkan, kò sí ojú, kò sí ẹnu. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ orin tó ń dún lábẹ́ rẹ̀, ìwà tí àwọn òǹwòran kà sí àwọn àmì náà lọ́rùn yí padà. Ohun tó lè fún àmì lásán níwà, ṣé òun la máa ní kò ní ẹ̀mí tirẹ̀?

Báwo ni ìgbàgbọ́ náà ṣe wá ràn báyìí? Àwọn tó gbà á gbọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí etí wọn gbọ́ ló kọ́ wọn. Ìgbà fíìmù orí fọ́nrán ni ọ̀pọ̀ wa dàgbà, láti nǹkan bí 1992 tí Living in Bondage jáde. Owó àwọn olùgbéjáde kéré, ìpele ìkẹyìn sì ni wọ́n ń rántí orin, nígbà tí owó ti tán. Wọ́n á gba ẹnì kan tó ní kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ kó orin fíìmù òyìnbó wọ inú tiwọn láìtọrọ. Èyí tó burú jù ni orin tó ń sọ ìtàn ṣáájú ìtàn: ọkọ ò tíì mọ̀ pé ìyàwó òun fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, orin ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lójúde. Bí fíìmù bá sì parí lórí tẹlifíṣọ̀n, kí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí orin fẹ́ gbilẹ̀, wọ́n á já a, wọ́n á gbé ìpolówó ọjà wọlé. Ẹni tó fi ogún ọdún gbọ́ orin fíìmù báyìí, kí ni ká ní kó rò?

Òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí n kò ní fi pamọ́. Orin fíìmù kan wà tí kò dá dúró: ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi ń di àlàfo ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ yọ àwòrán kúrò, kò sí ohun tó kù. Kódà nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀gá, irú rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ fújì tí kò dùn náà pọ̀, a ò tìtorí ìyẹn sọ pé fújì ti kú. Iṣẹ́ burúkú ló jẹ̀bi níbẹ̀, irú orin náà kò jẹ̀bi. Àwọn oní-fíìmù wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú ẹ̀bùn fíìmù tí wọ́n ń pè ní AMAA, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yenagoa ní 2005, wọn ò fi orin inú fíìmù sílẹ̀ láìdá a mọ̀.

Nítorí náà, irọ́ ni. Fíìmù a máa tán, orin tó dára nínú rẹ̀ kì í bá a kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ ní bòókẹ́lẹ́, nígbà mìíràn tí wọ́n bá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ ketekete, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó ṣe é. Gbogbo wa mọ̀ pé Kúnlé Afọláyan ló darí October 1 ní 2014. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé Kulanen Ikyo ló ṣe orin rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ mú fíìmù kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ gbọ́ orin rẹ̀ nìkan ní alẹ́ kan tí iná wà, kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ gòkè tán, kí orin parí, kẹ́ ẹ tó máa polówó ọṣẹ.