Jíà Ọkọ̀ Tí Ó Le: Bí A Ti Ń Mọ Àrùn Rẹ̀, àti Epo Tí Ó Yẹ Ẹ́

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jíà ọkọ̀ àtijọ́ rí. Agídí kan náà ni ọwọ́ awakọ̀ ń bá pàdé, ṣùgbọ́n ohun tí ó fa á kò jẹ́ ọ̀kan. Àgbẹ̀ Ìwàrà tí ó ń fi Peugeot 504 kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Iléṣà, ọkọ̀ náà ni yóò fi gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá di òru. Nítorí náà kò yẹ kí ó fi jíà líle ṣeré; bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó jẹ́ kí a tú àpótí jíà palẹ̀ kí a tó mọ ibi tí àrùn wà.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí ọkọ̀ dúró ní ilẹ̀ títẹ́jú, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, kí a sì kì jíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kí a tan ẹ́ńjìnnì, kí a tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí jíà bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kí a kọ́kọ́ fura sí: kò já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà tán. Nínú Volkswagen Ìjàpá, kí a wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì bí ó bá ti dẹ̀. Nínú 504, kí a wo omi tí ń ti kílọ́ọ̀ṣì, bóyá ó ti dín tàbí ó ń jò.

Bí jíà bá le nígbà méjèèjì, kí a wo àwọn ọ̀pá àti oríkèé tí ó so ọwọ́ jíà mọ́ àpótí rẹ̀. Eruku ọ̀nà oko a máa wọ ibẹ̀, gírísì a gbẹ, rọ́bà a sì jẹ. Bí ó bá jẹ́ jíà kan ṣoṣo ni ó ń ké, ó ṣeé ṣe kí òrùka idẹ rẹ̀ ti jẹ, èyí tí ń mú kí eyín irin méjì máa yí bákan náà kí wọ́n tó kó wọnú ara wọn. Epo kò lè wo èyí sàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ nìkan ni jíà le, tí ó sì rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, epo inú rẹ̀ ni ó ki jù, tàbí tí kì í ṣe irú èyí tí ó yẹ.

Epo jíà kò jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo ọkọ̀. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen ní Èkó. Síbẹ̀ ohun tí Ìjàpá ń mu kọ́ ni 504 ń mu. Epo jíà 90 ni ti Ìjàpá, ṣùgbọ́n epo ẹ́ńjìnnì ni àwọn tí ó ṣe 504 yàn fún àpótí jíà rẹ̀. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni kí a gbàgbọ́, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà.

Lára agolo epo jíà ni a ó rí GL-4 tàbí GL-5. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 5 sàn ju 4 lọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀. Oògùn tí ó ní imí-ọjọ́ nínú pọ̀ ní GL-5 tó ìlọ́po méjì ti GL-4, nítorí eyín irin ìdí ọkọ̀ tí ẹrù ń tẹ̀ gidigidi. Ó lè jẹ idẹ, ó sì lè mú kí òrùka náà máa yọ̀ tí kò fi ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé ọkọ̀ bá pe GL-4, kí a má ṣe fi GL-5 rọ́pò rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ní epo tirẹ̀, tí ó sábà máa ń pupa. Bí ó bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ewu wà. Kí a má ṣe da irú epo méjì pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ epo, kí a kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tù ihò tí a ń rọ epo sí, kí a tó tú ti ìsàlẹ̀. Nítorí bí ti òkè bá kọ̀ lẹ́yìn tí epo ti dànù tán, ọkọ̀ kò lè rìn mọ́. Eruku irin lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ nínú epo kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ègé irin ni ó burú. Kí a má sì ṣe da epo àlòkù sí odò tàbí sí oko, nítorí omi tí a ń mu ni yóò bàjẹ́.

Ẹni tí ó bá mọ àrùn kí ó tó ra oògùn, kò ní ná owó kòkó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.