Ọsibítù Kátólíìkì àti alábàáṣe tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn

Lónìí, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, “ìdánimọ̀”, ní ibi tó ti ń fa wàhálà: àwọn ọsibítù Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti bá iléeṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn da iṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n má baà kógbá sílé. Ìjọ kò fọwọ́ sí ìṣẹ́yún, kò sì fọwọ́ sí síso ilé-ọmọ obìnrin kó má baà bímọ mọ́. Alábàáṣe lè máa ṣe méjèèjì. Báwo ni Kátólíìkì yóò ṣe wà níbẹ̀ tí yóò ṣì jẹ́ Kátólíìkì?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjọ kò le tó òwe yẹn. Wọ́n ní bí èrò rẹ bá bá ti aṣebi mu, ẹ jọ ṣe é ni, kò sí àwíjàre. Ṣùgbọ́n bí o ò bá fẹ́ ohun tó ń ṣe, tí iṣẹ́ rẹ kàn ṣe é ní ìrànwọ́, a óò bi ọ́ pé: báwo ni ọwọ́ rẹ ṣe súnmọ́ ọn tó? Ìdí wo ló mú ọ débẹ̀?

Ẹ wo Austin, ní Texas. Ìjọba ìlú ló ni Ọsibítù Brackenridge nígbà kan. Ní 1995, wọ́n fi háyà fún Seton, tó jẹ́ ti Kátólíìkì. Nígbà tó yá, ta ni yóò máa so ilé-ọmọ fún obìnrin tó bá fẹ́ ẹ? Ní 2004, wọ́n ya àjà karùn-ún sọ́tọ̀, ó di ọsibítù mìíràn lábẹ́ àkóso iléèwé ìṣègùn kan tó jẹ́ ti Yunifásítì Texas. Ilé kan, ọsibítù méjì.

Ní Phoenix, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù Kejìlá 2010, Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Olmsted kéde pé Ọsibítù St. Joseph's kì í ṣe ti Kátólíìkì mọ́, nítorí oyún kan tí wọ́n ṣẹ́ níbẹ̀ ní 2009. Ọsibítù ní ẹ̀mí ìyá ọmọ ló wà nínú ewu. Orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ ṣe Máàsì nínú ilé àdúrà ibẹ̀ mọ́.

Ní 2018, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà tún ìlànà wọn ṣe: ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ àkóso Kátólíìkì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ìjọ, ọsibítù kò sì gbọdọ̀ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ láti bá a ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣe. Ṣé ẹ rí i? Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba epo náà sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Mo gbà pé ẹni tó ní ìgbàgbọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé aboyún kì í sí níbi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ àdéhùn. Ó lè wọlé, kó rí àmì alábàáṣe lára ògiri, kó rò pé gbogbo ìtọ́jú ló wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá ń rọbí kọ́ ló yẹ kí wọ́n tó sọ fún un.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ì-dá-ẹni-mọ̀. Ẹlòmíràn ló ń dáni mọ̀. Ọsibítù tó bá fẹ́ pa ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ fi í mọ sínú ìwé àdéhùn. Kó sọ ọ́ fún aláìsàn láti ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gba káàdì: ohun tí a ń ṣe rèé, ohun tí a kì í ṣe rèé, ibi tí ẹ ti lè rí i rèé. Bí gbólóhùn kẹta yẹn bá nira fún ẹ̀rí ọkàn wọn, ó kéré tán, kí méjì àkọ́kọ́ má ṣe sọnù.