Pípààrọ̀ Páìpù Bíréèkì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ohun tí ìjánu jẹ́ fún ẹṣin ni bíréèkì jẹ́ fún ọkọ̀. Nínú Morris Minor, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1948, òróró inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orísun kan ṣoṣo ni gbogbo páìpù wọ̀nyí ní; bí ìpẹtà bá jẹ ọ̀kan tí ó bẹ́, gbogbo bíréèkì ẹsẹ̀ ni yóò kọṣẹ́.

Ẹni tí yóò pààrọ̀ páìpù yìí nílé kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Páìpù àdàlù bàbà àti níkẹ́lì dára, nítorí kì í dípẹtà bí irin. Kí ó fi ti àtijọ́ wọn tuntun, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́, kí ó sì ti nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ kí ó tó fẹ ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni lílé afẹ́fẹ́ jáde. Òróró kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Bí ó bá kù sínú páìpù, ẹsẹ̀ yóò kàn máa rì lásán ni. Ẹnìkan yóò tẹ bíréèkì, ẹnì kejì yóò tú ìdè kékeré ẹ̀yìn táyà, yóò sì dè é padà kí ti àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀, títí òróró yóò fi máa jáde láìhó.

Kí ọ̀gá mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó bọ́ sí títì. Ọkọ̀ tí kò rìn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ń sáré tí kò ṣeé dá dúró ni kí a bẹ̀rù.